ÀPÓTÍ SÁÌNÌ ORÍ FÓÒNÙ: Ẹ WO IBI TÓ WÀ KÍ Ẹ TÓ TẸ̀ Ẹ́

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá wa sọ lósù yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tiwa gan-an ni. Láyé ọjọ́sí, tí a bá fẹ́ gba ọjà àwìn, tàbí tí a fẹ́ dúró fún ẹnìkejì wa láti yáwó, wọn á gbé ìwé wá, wọn á fi bírò tọ́ka síbẹ̀: "Ìyá, ẹ fọwọ́ sí ibí." Ẹni tí kò mọ̀wé á ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó parí. Lónìí ńkọ́? Ìwé ń bọ̀ wá bá wa lórí fóònù. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà ló tún ń tọ́ka pé ká tẹ ibí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi àpótí sáìnì yẹn síbẹ̀? Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà? Tó bá lọ ṣìnà, orí ta ni yóò dá lé?

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bi mí ní ìbéèrè yìí, pàápàá nítorí pé àwa náà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Mo ní kí ọmọ tó ń bá wa ṣe é ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe máa yé wa.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE Ń ṢE ÌWÉ JÁDE

Kò sí ẹni tó jókòó tó ń kọ ìwé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwòṣe kan ni wọ́n ti kọ sílẹ̀, bí ìgbà tí télọ̀ ti gé pátánì aṣọ ẹgbẹ́ dúró. Ibi tí orúkọ yẹ kó wà, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Ibi tí ọjà yẹ kó wà, àyè. Ibi tí owó yẹ kó wà, àyè. Tí oníbàárà bá dé, ẹ̀rọ á da orúkọ, àdírẹ́sì, ọjà àti owó sínú àwọn àyè yẹn, ìwé á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ oníbàárà 200, ìwé 200 ni yóò jáde, ó sì lè má sí ojú èèyàn kan ṣoṣo tó wo ọ̀kan nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á wá gbé àpótí sáìnì lé ìwé náà lórí. Àpótí yìí ni ojú ibi tí a máa ń tẹ̀, tí orúkọ wa tàbí ìfọwọ́sí wa á fi hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Pátánì kan ni, ṣùgbọ́n ara kì í dọ́gba. Orúkọ ẹlòmíràn gùn, ti ẹlòmíràn kúrú. Ẹnì kan gba ọjà oríṣi 3, ẹnì kan gba oríṣi 31. Ìwé kan á tán sí ewé kìíní, èkejì á dé ewé kẹta. Báwo wá ni àpótí ṣe máa mọ ibi tí ìlà ìsáìnì wà?

Ọ̀NÀ MÉJÌ LÓ WÀ

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa ṣe àpẹẹrẹ. Tí ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́, ẹ lè sọ fún un pé, "Lọ sí ìsọ̀ keje láti ẹnu géètì." Ẹ sì lè sọ pé, "Lọ bá ìyá ológì tó so aṣọ pupa mọ́ òpó." Lónìí, ọ̀nà méjèèjì á gbé ọmọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ́ ìsọ̀ tuntun méjì sí ẹnu géètì lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ tó ń ka ìsọ̀ á lọ bá ẹlẹ́ja. Ọmọ tó ń wo aṣọ pupa á ṣì bá ológì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé. Ọ̀nà kìíní ni wíwọ̀n. Wọn á sọ fún ẹ̀rọ pé: lọ sí ewé kìíní, wọn báyìí láti ẹ̀gbẹ́, wọn báyìí láti ìsàlẹ̀, gbé àpótí síbẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń pín ínṣì kan sí ọ̀nà 72, ìdá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní pọ́ìntì. Pépà A4 tí a mọ̀ yìí jẹ́ nǹkan bíi pọ́ìntì 595 ní ìbú àti 842 ní gígùn.

Ọ̀nà kejì ni àmì. Wọn á kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sínú ìwé àwòṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó máa sáìnì, bíi /onibara1/. Wọn á wá sọ fún ẹ̀rọ pé: níbikíbi tí o bá ti rí /onibara1/, ibẹ̀ ni kí o gbé àpótí oníbàárà sí. Ìwé ìbáà gùn, ìbáà kúrú, ọ̀rọ̀ yẹn á máa bá orúkọ rìn, àpótí á sì máa bá ọ̀rọ̀ rìn. Àṣọ pupa ara òpó nìyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lágbàáyé, bíi DocuSign àti Adobe, ní ọ̀nà àmì yìí nínú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n sì sábà máa ń fi àwọ̀ funfun kọ àmì náà sórí pépà funfun kí ó má ba ojú ìwé jẹ́. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe jìbìtì. Lẹ́tà lásán ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa nìyí: ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó wà fún, kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ibi kan lásán lórí pépà.

OHUN TÍ WÍWỌ̀N LÈ FÀ

Ká ní Ìyá Onírẹsì ń gba ọjà àwìn. Lóṣù kìíní, oríṣi 3 ló gbà: ìrẹsì, òróró, ẹ̀wà. Ìwé rẹ̀ jẹ́ ewé kan. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àpótí sì bọ́ sórí ìlà náà gééré. Lóṣù kẹta, oríṣi 31 ló gbà. Ìwé gùn, ìlà ìsáìnì sún lọ sí ewé kejì. Ẹ̀rọ kò mọ̀. "Ewé kìíní, nísàlẹ̀" ni wọ́n sọ fún un. Ó gbé àpótí lé àárín àwọn ọjà, ó bo iye owó òróró mọ́lẹ̀. Ìyá tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ ìyá wà ní ewé kejì láìsí ìfọwọ́sí, ìfọwọ́sí wà ní ewé kìíní láìsí orúkọ. Lọ́jọ́ tí aáwọ̀ bá dé, ẹni tó já ọjà á ní ìyá ti fara mọ́ gbogbo àdéhùn. Ìyá á ní ọjà nìkan lòun sáìnì fún, òun ò rí ọ̀rọ̀ èlé tó wà ní ewé kejì. Owó òróró gan-an tí wọ́n ń jà lé lórí, ta ló lè kà á? Ìfọwọ́sí ti bò ó.

Èyí tó tún le jù ú lọ rèé. Nínú ìwé ẹ̀yáwó, orúkọ ẹni tó yáwó sábà máa ń wà lókè, ti onídùúró á wà lábẹ́ rẹ̀. Ká ní àdírẹ́sì ẹni tó yáwó gùn, ó fi ìlà díẹ̀ kún ìwé. Ohun gbogbo á sún wálẹ̀. Orúkọ ẹni tó yáwó á bọ́ sí ibi tí orúkọ onídùúró wà tẹ́lẹ̀. Àpótí kò sún, wíwọ̀n ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Àpótí onídùúró á wá bọ́ sórí ìlà ẹni tó yáwó. Ẹ wò ó o! Ẹni tó ní kí òun ran ọmọnìkejì òun lọ́wọ́ ti di ẹni tó jẹ gbèsè lójú ìwé.

Pépà náà tún ní tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà lo A4. Tiwọn fẹ̀ díẹ̀, ó sì kúrú: pọ́ìntì 612 ní ìbú, 792 ní gígùn. Tí wọ́n bá fi pépà tiwọn wọn àyè àpótí, tí wọ́n wá tẹ ìwé lórí A4, pọ́ìntì 50 ni ìyàtọ̀ gígùn wọn. Ìyẹn ju ìdajì ínṣì lọ, ó tó láti gbé àpótí kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn. Bákan náà, ẹ̀rọ kan ń wọ̀n láti ìsàlẹ̀ pépà lọ sókè, òmíràn ń wọ̀n láti òkè wá sísàlẹ̀. Tí ẹni tó ń ṣe ìwé bá dà wọ́n pọ̀, àpótí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ á lọ jókòó sórí àkọlé ìwé.

ÀMÌ NÁÀ NÍ ÌWÀ TIRẸ̀

Àmì dára ju wíwọ̀n lọ fún ìwé tó ń gùn tó ń kúrú, àmọ́ ó fẹ́ àkíyèsí. Tí ẹ bá rán ọmọ sí "Ìyá Ìbejì" nínú ọjà wa, ṣé ẹ mọ iye Ìyá Ìbejì tó máa dáhùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ṣe àmì. Ká ní "oníbàárà" lásán ni àmì, tí ọ̀rọ̀ oníbàárà sì wà níbi 9 nínú ìwé, ẹ̀rọ lè gbé àpótí 9 kalẹ̀. Nítorí náà, àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí níbòmíràn nínú ìwé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀: /onibara1/, /oniduro1/, /oniduro2/. Ẹ kíyè sí ìlà tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló pààlà sí i, kí ẹ̀rọ má baà rí "oniduro1" nínú "oniduro10" kó sì gbé àpótí ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Èkejì, àmì orí ohùn Yorùbá. Lójú tiwa, "ọ́" tí ẹnì kan tẹ̀ àti "ọ́" tí ẹlòmíràn tẹ̀, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n lè yàtọ̀. Ìdí ni pé "ọ" tó ní àmì lórí tó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń kó o jọ ni, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó o jọ sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rọ lè máa wá àmì tó wà níwájú rẹ̀ gan-an kó má rí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé wa ní Yorùbá tó pé, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀rọ nìkan, ẹ jẹ́ kó wà láìní àmì ohùn rárá.

Ẹ̀kẹta, àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ni wọ́n yà tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ, àwòrán lásán ni, ẹ̀rọ lè má rí lẹ́tà kankan ká níbẹ̀. Tí àmì bá sì já sí méjì, tí ìdajì rẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì, ó lè sọnù pẹ̀lú. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé tí kò bá rí àmì, kó dúró kó ké gbàjarè, kó má fi ìwé tí kò ní àpótí ránṣẹ́.

EWÉ TÍ ÌFỌWỌ́SÍ NÌKAN WÀ

Ohun kan tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Nígbà mìíràn, àdéhùn á kún ewé kejì dé ìsàlẹ̀, ìlà ìsáìnì nìkan á wá dá dúró sí ewé kẹta. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ ju orúkọ àti ìfọwọ́sí. Tí wọ́n bá tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí pépà, ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́ lè yọ ewé yẹn, kó fi so mọ́ àdéhùn mìíràn. Ẹni tó ń ṣe ìwé lè dí ihò yẹn. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń so ìlà ìsáìnì mọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n jọ máa sún pọ̀. Kí wọ́n sì kọ orúkọ àdéhùn, nọ́ńbà rẹ̀ àti "ewé 3 nínú 3" sí gbogbo ewé.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ ṢE É FỌWỌ́ YẸPẸRẸ MÚ

Àwọn kan lè sọ pé, "Orí fóònù ni, kì í ṣe sáìnì gidi." Ẹ má tan ara yín jẹ. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ ọ́ ní abala 93 pé níbi tí òfin ẹ̀rí bá ti béèrè ìfọwọ́sí, ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ tó. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ ọ́ ní abala 17 pé ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ fún ọjà rírà àti àwọn ìdúnàádúrà mìíràn múlẹ̀. Ó tún sọ pé tí ẹnì kan bá ní ìfọwọ́sí náà kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ní ó ni ín, ẹni tó ń jiyàn ni yóò fi ẹ̀rí hàn. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe kọ òfin yìí kan náà ní 2015, ó yọ àwọn ìwé kan sọ́tọ̀, tí ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tó fún: ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ikú, àti ọ̀rọ̀ ẹbí bíi ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti gbígba ọmọ tọ́.

Ohun mìíràn tó tún mú un le ni pé lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti sáìnì, ẹ̀rọ máa ń fi èdìdì di ìwé náà. Tí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, èdìdì á fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Èyí dára fún wa. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé a kò lè ní kí wọ́n rọra sún àpótí tó ṣìnà lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwé tuntun, kí gbogbo èèyàn tún un sáìnì. Àtètèṣe ló dára.

ẸNI TÍ KÒ MỌ̀WÉ KÀ

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó ṣàlàyé rẹ̀ kó yé e, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí yóò fi ṣàlàyé. Nítorí náà, ìwé àwòṣe gbọ́dọ̀ ní àyè fún ẹni tó kà á fún ìyá, kí àyè náà ní àmì tirẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Tí kò bá sí i, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé náà sórí pépà, kí wọ́n kà á létí yín, kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gba fóònù lọ́wọ́ yín kó ní "Màmá, mo ti bá yín tẹ̀ ẹ́."

KÍ Ẹ TÓ TẸ ÀPÓTÍ

1. Ẹ fi ìka fa ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bọ́tìnì kan sábà máa ń wà tó ń gbé yín fò lọ síbi àpótí tààrà. Ẹ má tíì tẹ ìyẹn.

2. Ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ṣé tiyín ni?

3. Ẹ wo ohun tí wọ́n pè yín: oníbàárà, ẹni tó yáwó, onídùúró, ẹlẹ́rìí. Ṣé ohun tí ẹ wá ṣe nìyẹn?

4. Ṣé àpótí bo owó, déètì tàbí ọ̀rọ̀ kankan mọ́lẹ̀?

5. Ẹ ka iye àpótí. Tó bá ju iye tí wọ́n sọ fún yín lọ, ẹ béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

6. Tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá tọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ padà sí wọn, kí wọ́n ṣe òmíràn wá.

7. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sáìnì, ẹ gba ẹ̀dà tó pé pẹ̀lú ewé tó fi ọjọ́ àti aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sáìnì hàn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú risíìtì.

TI ẸGBẸ́ WA

Ní ti ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí rèé. Kí á lo àmì fún gbogbo ẹni tó máa sáìnì, kí á má lo wíwọ̀n. Kí a tó lo ìwé àwòṣe kankan, kí ọmọ tó ń ṣe é kọ́kọ́ fi ṣe ìwé mẹ́rin jáde fún wa wò: èyí tó kúrú jù, èyí tó gùn jù, èyí tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gùn gbọọrọ, àti èyí tí kò ní onídùúró kejì. Ìyálọ́jà, Akápò àti èmi á wò ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí àpótí bá jókòó síbi tó yẹ nínú gbogbo wọn, a lè lò ó. Tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìwé àwòṣe lọ́la, a ó tún un wò. Ìyẹn kò lè gbà wá ní wákàtí kan.

Ẹ̀yin ìyá wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ìwé orí fóònù. Ó yá, ó sì ń dín ìrìn àjò kù. Ẹni tí kò rí tó máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì oníléeṣẹ́ á kúkú rí àyè dúró ti ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò mọ Ìyá Onírẹsì yàtọ̀ sí Ìyá Ológì. Ibi tí wọ́n ní kó lọ ló ń lọ. Ojú tiwa ló yẹ kó ṣọ́ ọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, kó wá bá mi ní ìsọ̀, kó mú fóònù rẹ̀ dání, a ó jọ wò ó. Ajé á bá wa jókòó o. Àmín.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́